Ẹ̀gbà Ọwọ́ Tí Mo Fọ̀ ní Fordham

Ẹ̀yin ọmọ ìjọ wa tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, wọ́n ní kí ẹnì kan tó ti fẹ̀yìn tì kọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ fún yín. Àwọn àgbà wá ń ti ara wọn síwájú. Bàbá kan ní ojú ń dun òun. Màmá kan ní òun ní overtime. Mo bá dìde, mo ní èmi náà ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà, ẹ rẹ́rìn-ín tán, mo ń dúró.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí. Dèjì ni orúkọ mi. Ọdún méjìlá gbáko ni mo fi ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ṣoṣo, títí ṣọ́ọ̀bù wa fi tì lọ́dún yìí tí ọ̀gá mi sì padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọjọ́ kan náà ni èmi àti òun fẹ̀yìn tì. Òun jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ta ló tún ṣe irú ẹ̀ rí ní gbogbo àdúgbò wa ní Parkchester? Ẹ dárúkọ ẹ̀ fún mi.

Iṣẹ́ wo ni? Fàdákà àtijọ́ la máa ń tún ṣe. Kì í ṣe gbogbo fàdákà o. Èyí tó wá láti apá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà níbí, lọ́wọ́ àwọn Navajo àti àwọn Zuni, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ kí òyìnbó tó dé, tí wọ́n máa ń de òkúta búlúù tí wọ́n ń pè ní turquoise mọ́ láàárín. Ẹ̀gbà ọwọ́, òrùka, ẹ̀gbà ọrùn, bẹ́líìtì tó wúwo bí ọmọ tó sùn. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá fọ́ ní New York yìí, tó sì ti pẹ́ láyé, àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń gbé e wá bá Yorùbá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù bàtà kan ní Fordham. Àwa náà nìyẹn.

Ẹ máa bi mí pé níbo ni ará Ìjẹ̀bú ti mọ iṣẹ́ Navajo. Ọ̀gá Bánjọ wá kàwé ní New Mexico nígbà tó ṣì ní irun lórí. Owó ilé-ìwé ò wá láti ilé mọ́, ó bá gba iṣẹ́ ní trading post kan. Ẹ fojú inú wo ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo láàárín aṣálẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra ìyẹ̀fun, kọfí àti gàárì ẹṣin. Bí o bá gbé irun àgùntàn tàbí ẹní tí o hun wá, wọ́n á gbà á, wọ́n á fún ọ ní ọjà. Bí àsìkò rírẹ́ irun àgùntàn ò bá tíì tó, tí ebi sì ti dé, ìyàwó ilé á bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, á fi í dógò. Oníṣọ́ọ̀bù á so ìwé kékeré tí orúkọ wà lára ẹ̀ mọ́ ọn, á gbé e kọ́ sí yàrá ẹ̀yìn. Bí àkókò bá kọjá tí ẹni tó ni ín ò wá, wọ́n á tà á. Dógò tó kú ni wọ́n ń pe ìyẹn. Inú yàrá yẹn ni Ọ̀gá ti kọ́ṣẹ́, lọ́wọ́ bàbá Navajo kan tó ń tún àwọn tó bá ya ṣe. Ó máa ń sọ pé, “Kì í ṣe ọjà ló wà nínú yàrá yẹn o. Ọwọ́ àti ọrùn àwọn èèyàn ló so rọ̀ níbẹ̀.”

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ ò gùn. Mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, mo ń rìn kiri, ìyá mi bẹ Ọ̀gá lẹ́yìn ìsìn, ó ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé. Owó oṣù ńkọ́? Ó kéré. Ẹ jẹ́ ká lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ó tó ọdún kan kí n tó fọwọ́ kan iná. Èmi! Èmi tí mo lè tú fóònù palẹ̀ kí n sì tò ó padà kí ìrẹsì tó jinná! Ọ̀gá da òkúta kún àwo, ó ní kí n máa ṣà wọ́n. Kíákíá ló sọ mí.

“Kíákíá, kí ló wà lọ́wọ́ ẹ?”

“Òkúta, sà.”

“Ṣé mo bi ẹ́ bóyá ẹja ni? Ó tutù àbí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́?”

“Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, sà.”

“Rọ́bà nìyẹn. Òkúta gidi á kọ́kọ́ tutù sí ẹ lọ́wọ́ bí ẹni tí ò mọ̀ ẹ́ rí. Jù ú sọ́hùn-ún.”

Bí mo ṣe ń ṣà òkúta nìyẹn títí mo fi ń rí búlúù lójú àlá. Ọ̀gá ò sì gba kí omi kan tábìlì iṣẹ́. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, jáde lọ sórí àtẹ̀gùn. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé gan-an ló ti ṣàlàyé ìdí ẹ̀ fún mi. Mi ò níí purọ́ mọ́ bàbá yẹn. Ó ṣàlàyé o. Earphone ló wà ní etí mi kan.

Lọ́dún kẹta, irinṣẹ́ yí padà. Tẹ́lẹ̀, bí fàdákà bá ya, o gbọ́dọ̀ yọ òkúta kúrò kí o tó fi iná gáàsì jó o, torí bí iná bá kan turquoise, á sán, á sì di òkò aláwọ̀ ilẹ̀. Ọjọ́ méjì, mẹ́ta, lórí òrùka kan! Ìgbà yẹn ni mo rí ẹ̀rọ laser lórí fóònù. Ó ń jó ojú kan péré, tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, òkúta tó wà nítòsí ò níí mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo fi yọ Ọ̀gá lẹ́nu kó tó ra ẹ̀rọ tí ẹnì kan ti lò. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi mọ̀ ọ́n lò. Ọ̀gá, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n nídìí ẹ̀ bí ẹni tó ń wa mọ́tò ìjọba. Orí mi wú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara mi ní Dókítà.

“Kíákíá,” Ọ̀gá ní, “bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.”

Mo ní, “Ọ̀gá, ta ló ń fẹ́ àkísà?”

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ fún mi.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Lórà, nọ́ọ̀sì ni ní Bronx níbí, Navajo ni, ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà ní New York. Ó gbé ẹ̀gbà ọwọ́ kan wá, ti ìyá ìyá rẹ̀. Ó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, òkúta kan tó tóbi bí ẹyin ẹyẹlé wà láàárín, fàdákà ẹ̀ sì dúdú. Ó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọmọ ọmọ òun obìnrin ti ń bàlágà, wọ́n máa ṣe ayẹyẹ ẹ̀ nílé ní Arizona ní oṣù méjì sí i, ẹ̀gbà yìí ni ọmọ náà máa fi sọ́wọ́. Ó ní ọ̀kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nìyí. Gbogbo ìyókù ti di dógò tó kú.

Ọ̀gá tún un ṣe. Ọjọ́ tí Lórà máa wá gbé e, Ọ̀gá ní láti lọ rí dókítà ojú láàárọ̀. Ó ní, “Aago mẹ́rin ni ìyá yẹn máa dé. Iṣẹ́ ẹ̀ ti parí. Má fọwọ́ kan nǹkan kan.”

Mo jókòó. Mo wo ẹ̀gbà yẹn. Dúdú bí ìdí ìkòkò! Mo ní ṣé ọmọdébìnrin máa fi èyí ṣe ayẹyẹ ni? Màmá àgbà mi n’Íjẹ̀bú, bí àlejò bá ń bọ̀, òroǹbó wẹ́wẹ́ àti eérú ló fi ń fọ àwo idẹ ẹ̀, á sì máa kọ yànrànyànràn. Mo sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sí bodega, ṣọ́ọ̀bù kékeré ẹ̀gbẹ́ títì, mo ra òroǹbó wẹ́wẹ́ mẹ́ta. Wọn ò ní eérú, mo bá mú iyọ̀. Mo gbé ẹ̀gbà lọ sídìí sìǹkì, mo fi òroǹbó àti iyọ̀ gbo ó, mo fi búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ̀ ọ́, mo da omi gbígbóná lé e. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó tàn! Mo ń rí eyín ara mi nínú ẹ̀. Mo tiẹ̀ ya fọ́tò ẹ̀.

Mo gbé e sórí tábìlì, mo ń súfèé. Kò pẹ́ ni mo gbọ́ nǹkan tó dún kẹ́.

Mo wò ó. Òkúta àárín ti ń gbéra. Etí fàdákà tó dì í mú ti ń ṣí bí ètè ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọ̀ òkúta fúnra ẹ̀ ti ṣá, ó ti funfun ràndàn bí ẹsẹ̀ tó nílò ìpara. Ìgbà yẹn ni ohun tí Ọ̀gá sọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ wá gba etí tí ò ní earphone wọlé: àwọn àgbẹ̀dẹ àtijọ́ yẹn máa ń da ìyẹ̀fun pákó, èyí tí ayùn máa ń dà sílẹ̀, sábẹ́ òkúta kó lè jókòó dáadáa. Bí omi bá wọ ibẹ̀, pákó á wú, bí gààrí tó mumi. Á sì ti òkúta jáde, tàbí kó là á sí méjì.

Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Dúdú tí mo pè ní ìdọ̀tí, ọwọ́ ìyá ìyá Lórà ni, pẹ̀lú èéfín àti ọdún tó ti kọjá. Mo ti fi iyọ̀ gbo ó dànù.

Mi ò níí tan yín. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé kí n mú òkúta mìíràn. Mo mọ dúrọ́ọ̀ tó wà. Mo mọ̀ ọ́n de. Mo ṣí dúrọ́ọ̀ yẹn, mo sì rí ọ̀kan tó jọ ọ́ bí ìbejì. Aago ń lọ sí méjì. Èmi tí wọ́n ń pè ní Kíákíá, ìṣẹ́jú ogójì ti pọ̀ jù fún mi.

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Ọ̀gá wọlé, ó ń táràrà. Wọ́n ti fi oògùn sí i lójú ní ilé dókítà, kò lè rí nǹkan tó sún mọ́ ọn. Ẹ gbọ́ mi: bàbá yẹn ò ríran! Ká ní mo pa ẹnu mọ́, ó ti bù ṣe nìyẹn.

Ó dúró, ó fa imú. “Ta ló ń dín ẹja níbí?”

“Kò sí ẹja, sà.”

“Kí ni òroǹbó wẹ́wẹ́ wá ń wá nínú ṣọ́ọ̀bù mi?”

Mo gbé ẹ̀gbà náà lé e lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò tọ òkúta yíká, ó tọ etí fàdákà, ó gbé e sí imú. Ó jókòó.

“Dèjì,” ó ní.

Kò pè mí ní Dèjì rí. Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn.

“Ṣé ó ti là?”

“Mi ò mọ̀, sà.”

“Èmi náà ò sì ríran. A ò níí ṣí i títí ìyá yẹn máa fi dé. Ìwọ lo máa sọ fún un.”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi—”

“Ìwọ, mo ní.”

Aago mẹ́rin kù díẹ̀, Lórà dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ ẹ̀. Òyìnbó la sọ, ṣùgbọ́n mo máa sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí lára mi. Mo ní, “Màmá, èmi ni mo fọ̀ ọ́. Ọ̀gá mi ò sí ńlé. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án.”

Ó wo ẹ̀gbà. Ó wò mí. Kò pariwo, ohun tó sì bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Ó ní, “Ṣí i kí n rí i.”

Ọ̀gá ní, “Kíákíá, ìwọ ni ojú mi lónìí. Mú irin pẹlẹbẹ yẹn. Jẹ́jẹ́. Má tì í, jẹ́ kó fúnra ẹ̀ gbà fún ẹ.” Mo ṣí etí fàdákà díẹ̀díẹ̀ yíká. Òógùn ń kán sí mi lójú, mi ò nù ún. Òkúta bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo yí i padà síbi ìmọ́lẹ̀, mo wo ẹ̀yìn ẹ̀, mo wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

“Ó là àbí kò là?” Ọ̀gá ní.

“Kò là, sà! Kò là! Gbogbo ẹ̀ pé!”

Ẹ ò mọ bí èémí ṣe ń jáde lẹ́nu ẹni lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ mí kanlẹ̀.

Ìyẹ̀fun pákó tó wà nísàlẹ̀ ti di ẹ̀kọ. Mo fẹ́ gbá a dànù, Lórà bá di ọwọ́ mi mú. “Rárá. Ẹni tó ṣe ẹ̀gbà yìí ló dà á síbẹ̀. Sísá ni kí ẹ sá a kó gbẹ.” A sá a sórí bébà lójú fèrèsé, níbi tí oòrùn Fordham ti ń wọlé díẹ̀. Bó bá gbẹ, a máa dà á padà, a sì máa de òkúta lé e.

Àwọ̀ ló wá kù. Kíákíá bá tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní, “Ọ̀gá, kẹ́míkà wà tó ń sọ fàdákà di dúdú. Ìṣẹ́jú márùn-ún.”

Lórà bú sẹ́rìn-ín. Ó fa àga, ó jókòó. Ó ní nígbà tí ìyá ìyá òun wà láyé, ẹ̀gbà yìí kan náà wà ní dógò ní ìgbà òtútù kan. Oníṣọ́ọ̀bù gba òṣìṣẹ́ tuntun, ọmọkùnrin kan tí ara ẹ̀ ò balẹ̀, ó sì nu gbogbo fàdákà yàrá ẹ̀yìn títí ó fi ń dán torí àwọn àlejò tó ń kọjá lójú títì. Ìyá àgbà dé pẹ̀lú irun àgùntàn, kò dá ohun ìní ara ẹ̀ mọ̀. Àmì àgbẹ̀dẹ tó wà nínú ló fi mọ̀ ọ́n. Ó wọ̀ ọ́ padà, ó fi da àgùntàn, ó fi dáná, ó fi jẹ ọ̀rá, títí ó fi dúdú.

“Ọmọkùnrin yẹn ńkọ́?” mo béèrè.

“Ìyá àgbà ní kó fi èjìká ẹ̀ ru gbogbo irun àgùntàn yẹn wọlé. Òun nìkan.” Ó wo ọwọ́ mi. “Èmi ò lè wọ̀ ọ́ kí àwọ̀ ẹ̀ lè padà, wọn ò gbà kí a wọ nǹkan sọ́wọ́ níbi iṣẹ́. Ẹni tó bọ́ ọ láṣọ ló máa wọ̀ ọ́ láṣọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Má bọ́ ọ. Omi ò sì gbọdọ̀ kàn án mọ́.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀yin èèyàn! Mo gbé ẹ̀gbà obìnrin wọ ọkọ̀ ojú irin 6. Ṣẹ́gun ọ̀rẹ́ mi rí mi níwájú ilé wa ní Parkchester, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Áńtí Dèjì, ẹ káàbọ̀ o! Ọkọ yín ńkọ́?”

“Ọkọ mi ní kí n nà ẹ́.”

“Ẹ má nà mí, ẹ̀gbà yín á ya!”

Bí mo bá fẹ́ wẹ̀, ìyá mi á de nylon mọ́ mi lọ́wọ́ òsì, màá gbé e sókè bí ẹni tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì. Ọ̀gá ní ẹyin àti àlùbọ́sà máa ń jẹ́ kí fàdákà dúdú, ni mo bá di ẹni tó ń dín ẹyin fún gbogbo ilé láràárọ̀. Àbúrò mi obìnrin ní, “Bọ̀dá mi, ẹyin ti sú mi, ẹ jọ̀ọ́.” Ìyá mi tún mú òrí jáde látinú àpò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti ilé, ó ní, “Fi pa ara, ọwọ́ ẹ gbẹ. Òkúta yẹn náà á rí nǹkan mu.” Alaalẹ́ ni mo ń fi òrí pa ọwọ́.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, kò sí nǹkan. Ìkejì, kò sí nǹkan. Mo ń wò ó lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́. Ọ̀gá ní, “Bí o bá ń wo iṣu nínú ilẹ̀, ṣé á tètè ta ni?” Mo ṣíwọ́ wíwò. Lọ́sẹ̀ kẹrin, mo ń mú òòlù, mo ṣèèṣì wolẹ̀, mo rí i pé inú àwọn ọnà fàdákà ti ń ṣókùnkùn. Àwọ̀ òkúta náà ti ń padà, etí ẹ̀ sì ń ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Mi ò tiẹ̀ rántí pé ó wà lọ́wọ́ mi.

Lórà gbé e lọ sí Arizona. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mi ò fi jẹun dáadáa, torí ó ti sọ fún wa pé àbúrò ìyá àgbà òun ṣì wà láyé, ojú ẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n òun ló máa fi ẹ̀gbà náà sọ́wọ́ ọmọ. Bí kò bá dá a mọ̀ ńkọ́?

Fóònù ṣọ́ọ̀bù dún lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀gá gbé e, ó tẹ̀ ẹ́ kí èmi náà lè gbọ́.

“Àbúrò ìyá àgbà gbà á lọ́wọ́ mi,” Lórà ní. “Ó fọwọ́ tọ àmì inú ẹ̀. Ó wá gbé e sí imú.”

Mo di etí tábìlì mú.

“Ó ní, ‘Òun nìyí. Ọ̀rá àgùntàn ta ni wọ́n fi pa á tó dáa báyìí?’ Mo ní kì í ṣe àgùntàn, ará Áfíríkà kan ló fi ọ̀rá ara igi pa á. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní bóyá níbi tí ọmọ yẹn ti wá, orí igi ni àgùntàn wọn ń gbé. Ó sì fi sọ́wọ́ ọmọ.”

Mo fìdí kalẹ̀ sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá dìde. Ó gbé ìwé àwọn iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ó fà á ya sí méjì lọ́gbọọgba, ó na ìdajì sí mi.

Mo tún fi ọdún mẹ́sàn-án ṣe é lẹ́yìn ìyẹn, mi ò sì fọ nǹkan kan mọ́. Ní báyìí mo ń kọ́ iṣẹ́ títún elevator ṣe. Ọ̀gá tuntun mi ní kí n kọ́kọ́ jókòó fún oṣù mẹ́fà kí n máa gbọ́ bí wáyà ṣe ń dún. Mo ní, “Yes sà.” Mo yọ earphone.

Ẹ̀gbà náà wà lọ́wọ́ ọmọ yẹn ní Arizona, ó ti dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo rí i nínú fọ́tò. Ọwọ́ mi ò ní nǹkan kan lára mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ balùwẹ̀ títí di òní, kí n tó ṣí omi, màá ti gbé ọwọ́ òsì sókè.